Ẹ Wo Ìsàlẹ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olùwádìí UNIMED Oǹdó àti FUTA Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin olùkọ́ àti olùwádìí ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn nílùú Oǹdó, àti ẹ̀yin ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ níbí ní Àkúrẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ wa. Aránbàtà ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ọjà Ọba. Ó ti pé ọdún 29 tí mo ti ń fi ìlu àti abẹ́rẹ́ jẹun. Mi ò kàwé dé ibi tí ẹ kà á dé, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ, abẹ́ ọwọ́ mi ló ti ń kọjá lójoojúmọ́, ó sì ti kan ìyá tó bí mi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí ẹ bá ń ṣe ìwádìí lórí iná lésà tí wọ́n fi ń wo egbò, ẹ má yà á kúrò lára ohun tí aláìsàn wọ̀ sẹ́sẹ̀. Ẹ pa méjèèjì pọ̀ sínú ìwádìí kan, kí ẹ sì ṣe é níbí, lára ẹsẹ̀ àwọn èèyàn wa.

Àgbẹ̀ kòkó ni ìyá mi, ní abúlé kan lọ́nà Ìdànrè. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ní àtọ̀gbẹ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ṣúgà, àmọ́ wọ́n ń lo oògùn wọn, wọ́n ń ṣọ́ ẹnu, ọkàn wa sì balẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí ipa ẹ̀jẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ò mọ̀ pé àwọn ló ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìṣó ló wọ abẹ́ sílípáàsì wọn, ó gún wọn lábẹ́ ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n sì ti fi í rìn lọ sóko rìn bọ̀. Wọn ò mọ̀ ọ́n lára rárá. Ṣúgà ti pa iṣan ìmọ̀lára àtẹ́lẹsẹ̀ wọn.

Egbò yẹn di àdáàjinná. A wẹ̀ ẹ́, a dì í, a ra oògùn apakòkòrò, oṣù mẹ́rin kọjá, kò pa ẹnu dé. Ìgbà náà ni ẹnì kan júwe ibì kan fún wa níbi tí wọ́n ti ń fi iná lésà wo egbò. A lọ. Ẹ̀rọ kékeré ni, orí rẹ̀ kò ju òpó bírò lọ, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa. Wọ́n á gbé e sún mọ́ egbò fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyá á ní àwọn ò mọ nǹkan kan lára, kò gbóná, kò ta wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni. Owó ìgbà kan tó owó bàtà aláwọ tí mo ń fi ọjọ́ méjì rán, mo sì ń san án tayọ̀tayọ̀, nítorí pé egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Ẹran pupa tútù ń yọ láti etí rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ keje, ó ti kù bí ẹyọ kọ́bọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹsàn-án, ó tún ya. Ó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ń rùn.

Wọ́n ní ká fi ìgbà mẹ́wàá kún un. Mo fi kún un. Ó tún kéré, ó tún ya.

Ọmọbìnrin físíò kan, ìyẹn àwọn tó ń bá aláìsàn tún iṣan àti ìrìn ẹsẹ̀ ṣe, ló là mí lójú. Kì í ṣe ibi tí a ti ń gba iná ló ti ń ṣiṣẹ́. Bàtà rẹ̀ ló gbé wá fún mi kí n bá a lẹ̀ ẹ́. Ìyá jókòó sórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, báńdéèjì lẹ́sẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó béèrè ohun tó ṣe ẹsẹ̀, mo ròyìn iná fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n rí sílípáàsì màmá."

Sílípáàsì rọ́bà aláwọ̀ búlúù ni. Ó yí i padà, ó gbé e sókè sí oòrùn. Níbi tí ìdí àtàǹpàkò máa ń tẹ̀, rọ́bà náà ti jìn kòtò, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tẹ ẹ̀bà gbígbóná. Ó ti tín-ín-rín débi pé ìmọ́lẹ̀ ń yọ láti òdìkejì. Omi egbò ti gbẹ yí kòtò náà ká, ó fi àmì sílẹ̀ bí àmì tíì lára ife. Ó ní kí ìyá na ẹsẹ̀, ó gbé sílípáàsì náà lé àtẹ́lẹsẹ̀ wọn láìfi kàn án. Kòtò pàdé egbò, ó bá a mu bí ọmọrí ṣe ń bá ìkòkò mu.

Ó bi mí pé, "Ìṣẹ́jú mélòó ni iná ń wà lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀?" Mo ní mẹ́wàá. Ó ní, "Ìgbésẹ̀ mélòó ni màmá ń fi ibí yìí gbé lọ́sẹ̀?"

Mi ò lè dá a lóhùn. Láti ọdún 29 tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mo lè wo abẹ́ bàtà kí n sọ pé ẹni tó ni ín ń fi orúnkún òsì tiro. Mo ti wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàtà. Ti ìyá mi, mi ò wò ó. Àwọn àgbà ní wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ìsàlẹ̀. Gbogbo wa, èmi, àwọn ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó ń tan iná, ojú egbò là ń wò.

Ọmọ náà mú okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde nínú báàgì rẹ̀, èyí tó máa ń tẹ̀ bí agbára orí rẹ̀ bá ti tó gíráàmù 10. Ó ní kí ìyá dijú, kí wọ́n sọ̀rọ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá mọ nǹkan lára. Ó fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn níbi mẹ́wàá, ìgbà méjì péré ni wọ́n fọhùn. Ó fi kan tèmi, mo mọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn á tiro, á sinmi, á fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lára á máa tẹ egbò rẹ̀ mọ́lẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bí ẹni tó ń gún iyán.

Mo fẹ́ gé ihò sínú fóòmù bàtà kan kí egbò lè máa bọ́ sínú ihò náà. Ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, etí ihò á máa fún ẹran ara, á sì tún dá egbò mìíràn sílẹ̀ yí i ká. Ó darí wa sí ilé ìwòsàn kan. Wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dé ẹsẹ̀ dáadáa, wọ́n rí sí ìdíbàjẹ́ tó wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi POP, ohun funfun tó máa ń le tí wọ́n fi ń di eegun tó bá ṣẹ́, di ẹsẹ̀ náà láti abẹ́ ìka títí dé abẹ́ orúnkún, ó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ pátápátá, tí ìwọ̀n ara fi tàn ká gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ àti ojúgun dípò kó dúró sójú kan. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Ìyá ò lè bọ́ ọ, ìyẹn gan-an sì ni agbára rẹ̀. Egbò náà jinná. Ọdún kejì rèé, kò tíì padà, mo sì ń rán bàtà wọn fúnra mi, fóòmù oríṣi méjì nínú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, ó sì yí lókè bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi kí ẹsẹ̀ lè yí kọjá láìtẹ ìdí àtàǹpàkò.

Ṣé POP nìkan ló wò ó? Mi ò lè búra. Iná ti kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, mo fi ojú mi rí ẹran tútù. Ó lè jẹ́ pé ká ní wọ́n pa iná pọ̀ mọ́ POP látìbẹ̀rẹ̀ ni, ì bá ti jinná kíá. Ó sì lè jẹ́ pé owó tí mo ná sórí iná, òfo ni. Aránbàtà kò ní ọ̀nà tó lè gbà ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ̀yin ní in.

Látìgbà náà, ọmọ físíò yẹn àtèmi di ọ̀rẹ́, ó ń ka àwọn ìwé ìwádìí, ó ń túmọ̀ wọn fún mi lọ́jọ́ Sátidé. Ó sọ fún mi pé ní 1960 ni Theodore Maiman tan iná lésà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, àti pé ní 1967, dọ́kítà kan nílùú Budapest, Endre Mester, fá irun ẹ̀yìn àwọn eku, ó pín wọn sọ́nà méjì, ó tan lésà tí agbára rẹ̀ kéré sí apá kan. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ náà á fa jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ ò yọ, àmọ́ irun àwọn tí iná tàn sí tètè hù ju ti àwọn yòókù lọ. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi wo egbò tó kọ̀ tí kò jinná. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ìtàn yẹn ni pé ó ní àwọn eku tí iná kò tàn sí. Ká ní kò ya àwọn kan sọ́tọ̀ ni, irun ì bá hù, kò sì ní mọ ohun tó hù ú.

Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé inú sẹ́ẹ̀lì ara wa ní ààrò kan, mitochondria, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára. Èròjà kan nínú ààrò náà, cytochrome c oxidase, máa ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa àti èyí tó kọjá pupa tí ojú ò lè rí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á bó ṣe yẹ, ààrò á jó dáadáa, sẹ́ẹ̀lì á rí agbára tún ara rẹ̀ ṣe. Bó ṣe yẹ ni kókó. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré jù, kò sí ohun tó máa ṣe. Bó bá pọ̀ jù, ó lè dá ìwòsàn dúró. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni. Níbi tí a lọ, kò sẹ́ni tó sọ ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún wa, mi ò sì rí i kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Wọn ò fún ìyá ní gíláàsì ìdáàbòbò ojú pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ lésà lè ba ojú jẹ́.

Ní 2017, àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ onímọ̀ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, kó ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí ìmọ́lẹ̀ àti egbò ẹsẹ̀ ṣúgà jọ kárí ayé. Mẹ́jọ péré ni, èèyàn inú gbogbo rẹ̀ jẹ́ 316. Wọ́n ní ó jọ pé ìmọ́lẹ̀ ń ran egbò lọ́wọ́ láti jinná, àmọ́ ẹ̀rí náà ò lágbára. Ẹ wo bí ó ti kéré tó: 316! Èrò tó ń wọlé sí Ọjà Ọba lọ́jọ́ ọjà kan ṣoṣo jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n lórí gbígbé ẹrù kúrò lórí egbò, ọ̀rọ̀ ti yanjú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà àgbáyé lórí ẹsẹ̀ ṣúgà, èyí tí ẹgbẹ́ onímọ̀ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IWGDF ń tẹ̀ jáde, ti sọ ọ́ pé fún egbò abẹ́ ẹsẹ̀ irú ti ìyá mi, ohun tó ga dé orúnkún tí aláìsàn kò lè bọ́ fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yàn. Ṣáájú ìyẹn gan-an, Dọ́kítà Paul Brand ti rí i lára àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀ ní Vellore, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, pé kì í ṣe pé ẹ̀tẹ̀ ń jẹ ìka wọn bí aráyé ṣe rò. Wọn ò mọ ìrora ni, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tó bó rìn títí tó fi bà jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bàtà ṣe di ara iṣẹ́ ilé ìwòsàn nìyẹn. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ, torí iṣẹ́ mi ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ìwádìí tí mo ń fi ọkàn yà rèé. Ẹ kó àwọn tó ní egbò ẹsẹ̀ ṣúgà jọ ní Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìdànrè. Ẹ gbé ẹrù kúrò lórí egbò gbogbo wọn pátá, kò gbọdọ̀ sí ẹnì kan tí ẹ máa fi ìyẹn dù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tan lésà gidi sí ìdajì, kí ẹ gbé ẹ̀rọ tí kò tàn sí ìdajì kejì, kí aláìsàn má mọ èyí tó gbà, kí ẹni tó ń wọn egbò náà má mọ̀. Bí ẹ bá lo ìmọ́lẹ̀ tó kọjá pupa, èyí tí ojú ò rí, ìyẹn á rọrùn. Ẹ máa fi ọ̀rá tó mọ́ gaara ya etí egbò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má sì dúró lọ́jọ́ tó bá jinná. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2017 sọ pé nínú 100 ènìyàn tí egbò ẹsẹ̀ ṣúgà wọn ti jinná, nǹkan bí 40 ni egbò máa ń padà sí lára láàárín ọdún kan. Ẹ bá mi lọ wo ilé wọn lẹ́yìn ọdún kan, kí ẹ wo ohun tí wọ́n wọ̀.

Ọ̀rọ̀ awọ ara wa tún wà níbẹ̀. Melanin tó jẹ́ ká dúdú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, pàápàá ìmọ́lẹ̀ pupa ju èyí tó kọjá pupa lọ. Ìwọ̀n tí wọ́n bá wọ̀n fún ẹni tó funfun kò gbọdọ̀ jẹ́ òun náà la ó kàn gbé lé èèyàn dúdú lára. Àmọ́ ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ wa, ó mọ́ ju orí ẹsẹ̀ wa lọ, ó sì nípọn, ti àgbẹ̀ tilẹ̀ máa ń le bí awọ màlúù tí mo ń gé. Egbò ọrùn ẹsẹ̀ àti egbò abẹ́ ẹsẹ̀, lára ẹnì kan náà, ìmọ́lẹ̀ tó máa wọ inú wọn kò lè dọ́gba. Ẹ wọ̀n ọ́n fún wa. Ta ni ká máa retí pé kó wá wọ̀n ọ́n?

Ẹ̀yin ti FUTA, iṣẹ́ yín ń dúró dè yín níhìn-ín náà. Ẹ ní ẹ̀ka tó mọ irin àti ike, ẹ ní ẹ̀ka tó ń ya àwòrán ohun èlò. Fóòmù tí mo ń rà lọ́jà, àwọn kan á ti pẹlẹbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn kan á lo oṣù mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ojú wọn jọra bí ìbejì. Ọwọ́ ni mo fi ń fún un kí n tó rà á. Ẹ bá wa dán wọn wò lórí ẹ̀rọ, nínú ooru Àkúrẹ́, nínú ẹrẹ̀ oko kòkó, kí ẹ sọ èyí tó yẹ fún ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora.

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé bíréèsì ike wá fún mi lọ́dún tó kọjá. Rọpárọsẹ̀ mú un, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ike náà ló ń gbé ìka rẹ̀ sókè tó bá ń rìn. Ó dára púpọ̀. Àmọ́ ó ń ha á ní kókósẹ̀, ibẹ̀ ti pupa. Mo pààrọ̀ okùn alẹ̀mọ́ra tó ti já, mo fi awọ rírọ̀ sí i nínú, mi ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ike yẹn, inú ààrò ni wọ́n ti ń yan án títí á fi rọ̀, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n fi POP gbẹ́. Bàbá náà wọkọ̀ lọ sí Èkó padà, nítorí ibi tí kò fẹ̀ ju èékánná mi lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2017 pé nínú èèyàn mẹ́wàá tó nílò irú ohun ìrànwọ́ báyìí, ẹnì kan ló ń rí i. Bàbá yìí wà lára àwọn tó rí i, ẹ sì wo ìyà tó jẹ. Ààrò kan, ẹ̀rọ afafẹ́fẹ́ kan, àti ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ bíréèsì ní Ìgbóbì, l'Ékòó, kí wọ́n wà láàárín Àkúrẹ́ sí Oǹdó, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíò yín àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ yín máa pàdé níbẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwa tí a ń rán bàtà wọlé. A mọ awọ. A mọ ibi tí bàtà ti ń ha èèyàn. A ó gbọ́ tí wọ́n bá kọ́ wa.

Mo ti bá aránbàtà mẹ́rin mìíràn sọ̀rọ̀ ní Arákalẹ̀ àti Ìsinkàn, wọ́n ti múra. A kò béèrè owó oṣù. Ẹ pè wá lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Sílípáàsì búlúù yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi, mo fi okùn so ó kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i, mo máa gbé e wá fúnra mi, èyí tó ní kòtò àti ìkejì rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Aránbàtà kan ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.